Ìrìn-àjò Ahun Ṣàngó: Láti Igbó Wa dé Cuba àti Florida

Nínú àwọn ẹran tí Ṣàngó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àgbò ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Ahun ni ìtàn rẹ̀ gùn jù lọ, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Ahun yìí kan náà ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo tí àwọn ìyá wa fi pa àlọ́ fún wa, òun náà sì ni a máa ń gbé síwájú Ọ̀sanyìn. Àwọn ìyàwó òrìṣà tuntun máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn ilé Lukumí fi ń pè é ní ayapá, tí àwọn ará Brazil ń pè é ní ajapá, tí àwa tí a ti Nàìjíríà wá sì ń pè é ní ahun tàbí ìjàpá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń béèrè bóyá ẹran kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹran kan náà kọ́. Orúkọ ni ó la òkun kọjá; ẹran tí ó ń jẹ́ orúkọ náà dúró sílé. Bí mo sì ti ń kọ èyí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró sílé náà ti wà létí ìparun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ahun orí ilẹ̀ mẹ́ta ni ènìyàn lè bá pàdé ní agbègbè wa, ọmọ ìdílé kan náà sì ni wọ́n. Kinixys ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé yìí. Thomas Bell, onímọ̀ nípa ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1827. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ó túmọ̀ sí ìbàdí tí ó ń mì. Ìdí rẹ̀ ni pé ìkarahun wọn ní oríkèé lápá ẹ̀yìn: bí ẹran náà bá rí ewu, yóò fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọlé, yóò sì rọ apá ẹ̀yìn ìkarahun náà wálẹ̀ bí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn. Kò sí ahun mìíràn lágbàáyé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ahun ilé lọ́wọ́ rí yóò rántí ohun tí mo ń wí.

Èkíní nínú àwọn mẹ́ta náà, Kinixys nogueyi, ọ̀dàn ni ibùgbé rẹ̀, ní ilẹ̀ koríko. Èkejì, Kinixys erosa, ń gbé inú igbó, ó fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́bàá odò àti àbàtà, òun ni ó sì tóbi jù. Ẹ̀kẹta ni Kinixys homeana, tí kò ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gígùn. Igbó dídí ni ó bá a lára mu, níbi tí ewé jíjẹrà ti pọ̀ nílẹ̀, tí olú ti ń hù, tí ìgbín kéékèèké àti ọ̀kùn ti ń rìn. Gbogbo ìwọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú èso tí ó bá já bọ́ láti orí igi. Ọ̀yọ́ Ilé tí Ṣàngó ti jọba wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ahun ọ̀dàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọ Ṣàngó, àti pé ìgbà tí ìsìn Ṣàngó tàn wọ ilẹ̀ igbó ni àwọn méjì yòókù tó bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí tí ó yàtọ̀ sí èyí, kí ó mú un wá, a óò jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Cuba ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní àwọn ọdún 1830, àti àwọn ogun tí ó tẹ̀ lé e, ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn di ẹrú, a sì ń kó wọn lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí òfin ti ní kí òwò náà dópin pàápàá. Títí di ọdún 1886 ni oko ẹrú wà ní Cuba. Ti Brazil kò dópin títí di ọdún 1888. Àwọn tí wọ́n dé Cuba bá àgbò níbẹ̀, wọ́n bá àkùkọ, wọ́n bá ẹyẹlé. Obì àbàtà ni wọn kò bá. Àgbọn ni wọ́n mú dípò rẹ̀, àgbọn náà sì ni àwọn Lukumí ń dà títí di òní láti fi bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ń pè é ní obí síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó sídìí ọ̀nà kan yẹn tí ó rí i pé òrìṣà dáhùn kò ní bá wọn jiyàn pé àgbọn kì í ṣe obì.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ahun. Kò sí ahun orí ilẹ̀ ní Cuba. Àwọn ahun ńlá kan ti gbé erékùṣù náà nígbà láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n ti parun kí ọkọ̀ àwọn baba wa tó gúnlẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ahun odò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Trachemys decussata, tí ń gbé inú odò, adágún àti àbàtà, tí awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́, tí ó sì máa ń gun orí igi tó wó sínú omi láti yáàrùn. Àwọn Taíno tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún un lórúkọ tí ó di jicotea lẹ́nu àwọn ará Spain. Kò ní oríkèé lẹ́yìn, kì í gbé inú igbó, kì í wá olú jẹ. Síbẹ̀ àwọn àgbà wò ó, wọ́n rí ìkarahun rẹ̀, wọ́n rí bí ó ṣe ń fa orí wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ ní àjàpá. Ìkọsílẹ̀ èdè Spanish ni ó sọ àjàpá di ayapá, nítorí pé ohùn lẹ́tà j tiwa kò sí nínú lẹ́tà j tiwọn.

Lydia Cabrera, tí a bí ní Havana ní ọdún 1899, ni ó fi ẹ̀rí èyí sílẹ̀ fún wa jù lọ. Ó jókòó ti àwọn àgbà olórìṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tẹ El Monte jáde ní ọdún 1954. Nígbà tí ó ti kúrò ní Cuba, ó tẹ ìwé mìíràn jáde ní Miami ní ọdún 1971, ó sì pè é ní Ayapá: Cuentos de Jicotea. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ṣe dúró ti ara wọn lórí èèpo ìwé yẹn, ti Yorùbá níwájú, ti Taíno lẹ́yìn. Ìjàpá ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tí a mọ̀ nínú àlọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ahun odò ni ó fi ń rìn.

Ní Brazil, ọ̀nà náà rọrùn díẹ̀, nítorí pé ahun orí ilẹ̀ wà níbẹ̀. Jabuti ni wọ́n ń pè é, oríṣi méjì ni, a sì ń rí ahun odò tí wọ́n ń pè ní cágado pẹ̀lú. Nínú àwọn ilé Candomblé, àwọn wọ̀nyí ni ó ń jẹ́ ajapá, ti Xangô ni wọ́n. Òfin Brazil ọdún 1967 sọ ẹran ìgbẹ́ di ohun tí ìjọba ń dáàbò bò, òfin ọdún 1998 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú un tàbí pa á láìgbàṣẹ. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Brazil dá a láre ní oṣù kẹta ọdún 2019 pé àwọn ẹlẹ́sìn tí ó ti Áfíríkà wá lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹran rúbọ, inú gbogbo wa dùn. Àwọn òfin ẹran ìgbẹ́ wọ̀nyẹn kò torí èyí kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó mú jabuti nínú igbó kò lè fi ìdájọ́ náà bojú.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé wa dé Florida. Ní ọdún 1987, Ernesto Pichardo àti àwọn ará Church of the Lukumi Babalu Aye háyà ilẹ̀ kan ní ìlú Hialeah láti fi kọ́ ilé ìjọsìn. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣe òfin lórí òfin tí ó dí ẹbọ lọ́nà. Wọ́n pàdánù ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1989, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò sì gbè wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dájọ́, tí gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn òfin Hialeah ta ko òfin ilẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé wa ka ìwé ìdájọ́ náà fúnra wọn. Adájọ́ Kennedy tí ó kọ ọ́ to àwọn ẹran tí a ń fi rúbọ sílẹ̀: adìyẹ, ẹyẹlé, pẹ́pẹ́yẹ, ewúrẹ́, àgùntàn àti àwọn mìíràn. Ahun ni ó fi kádìí. Ìyẹn ni pé ahun Ṣàngó wọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú ọlá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni ohun tí ìdájọ́ náà fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Àwọn òfin Hialeah ṣubú nítorí pé a dìídì ṣe wọ́n láti fi mú ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Òfin tí ó bá kan gbogbo ènìyàn bákan náà, apẹja, ọdẹ, oníṣòwò àti olórìṣà, dúró níbi tí ó wà. Ní ọdún 2009, nítorí pé àwọn oníṣòwò ń kó ahun odò Florida lọ tà ní Éṣíà níye púpọ̀, àjọ tí ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà fòfin de mímú wọn nínú igbó fún títà. Oríṣi kan wà tí ènìyàn lè mú ẹyọ kan lójúmọ́ fún ìlò ara rẹ̀. Oríṣi mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Òfin yìí kò mọ Ṣàngó, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Olórìṣà tí ó bá lọ sí etí odò lóru láti mú ahun kò ní rí ohun tí yóò dì mú nínú ìdájọ́ ọdún 1993.

Lórí ahun ilé ńkọ́? Láti ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà mọ́ oríṣi ahun Áfíríkà mẹ́ta nítorí eégbọn ara wọn tí ó lè kó àrùn ran màlúù, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a ka ahun ọ̀dàn wa mọ́ nígbà náà. Ní ti àwọn yòókù, àdéhùn CITES tí a fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973 ni ó dè wọ́n. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tètè gba àdéhùn náà, ní ọdún 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ sí i ní ọdún 1985. Gbogbo ahun orí ilẹ̀ ni àdéhùn yìí kàn, kò sì mọ sí ẹran tí ó wà láàyè. Ìkarahun gbígbẹ inú àpò ìrìn-àjò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ọdún, tí ẹ ń ra ohun èlò oògùn bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí.

Èmi kò kọ ìtàn yìí nítorí ìbẹ̀rù aṣọ́bodè, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran náà ni ó jẹ mí lógún. Àjọ IUCN, tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń lé, ti fi Kinixys homeana sí ìpele tí ó burú jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Àwọn tí ń ka ahun àti ahun odò gbogbo àgbáyé sọ pé nínú nǹkan bí 360 oríṣi, ó ju ìdajì lọ tí ó wà nínú ewu. Ní ti ahun igbó wa, ohun púpọ̀ ni ó pàdé lé e lórí. Igbó ti di oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti ìlú. A ń jẹ ẹ́. A ń lò ó fún oògùn. Láti Togo, Benin àti Ghana, a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láàyè ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fún àwọn tí ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì. Ẹran tí ó ń bímọ kíákíá lè fara da díẹ̀ nínú èyí. Ahun kì í kánjú. Ó ń pẹ́ kí ó tó dàgbà, ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀, ìkarahun tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹranko búburú kò sì gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Bí a bá mú àgbà kan kúrò, ọdún púpọ̀ ni igbó yóò fi dúró kí òmíràn tó dípò rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń ka ẹran tí ó ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé? Ọgbọ́n rẹ̀ kò le, ẹsẹ̀ ni ó ń gbà. Àwọn onímọ̀ a máa rin ọ̀nà kan náà nínú igbó lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí ahun, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a wo akọ tàbí abo, wọn a sì fi ayùn kékeré gé àmì sí etí ìkarahun rẹ̀. Fred Cagle, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé ètò àmì yìí kalẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1939: ibi kọ̀ọ̀kan létí ìkarahun dúró fún nọ́ńbà kan, àpapọ̀ àwọn àmì sì ni orúkọ ẹran náà. (Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, ọpọ́n Ifá ni ó wá sí mi lọ́kàn.) Ẹ jẹ́ kí a wí pé a sàmì sí ahun 20, a sì dá wọn sílẹ̀. Bí a bá padà lọ mú 20, tí a rí 5 tí ó ní àmì nínú wọn, a lè ṣírò pé nǹkan bí 80 ni ó ń gbé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 15 ni ó ní àmì, ẹ̀rù yẹ kí ó bà wá.

Luca Luiselli, ará Ítálì, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà bíi Godfrey Akani, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní gúúsù Nàìjíríà, ní agbègbè Niger Delta. Ní ọdún 2003, Luiselli tẹ ìwádìí kan jáde tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé òrìṣà mọ̀. Ó yan agbègbè igbó mẹ́fà tí Kinixys erosa àti Kinixys homeana jọ ń gbé, ó sì fi ibi tí àwọn ará ìlú ti ń bọ̀wọ̀ fún ahun nítorí ìsìn ìbílẹ̀ wé ibi tí wọ́n ti ń dọdẹ rẹ̀ jẹ. Ní ibi tí èèwọ̀ wà, ahun pọ̀ ju ti ibi tí ọdẹ wà lọ. Ìsìn àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe tiwa, èdè wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni ó wà nídìí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ilẹ̀ hẹ́kítà 75 tí a kò gbọ́dọ̀ dọdẹ tàbí gé igi nínú rẹ̀. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 2005. Èèwọ̀ àwọn ìyá wa ti wà níbẹ̀ kí ìwé ìjọba tó dé, Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, sì fi ọdún púpọ̀ jà kí igbó náà má bàa di oko.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwa olórìṣà ni a ń pa ẹran ìgbẹ́ run, ẹ̀rí wà láti fi dá a lóhùn. Ẹ̀rí kan náà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Ibi tí a ti bọ̀wọ̀ fún ahun ni ó ti pọ̀. Ahun tí ọlọ́jà kó wá láti igbó tí kò ní olùṣọ́, tí a kò béèrè orírun rẹ̀, kò sí nínú ọ̀wọ̀ yẹn, bí a tilẹ̀ pa á níwájú Ṣàngó.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò wí: bí ẹbọ bá pe ahun, ahun náà ni, kí a má fi ìwé dí òrìṣà lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé ẹ̀sìn wa kò gbè wọ́n. Bí ahun onoríkèé ilé nìkan ni Ṣàngó ń gbà, ẹbọ rẹ̀ ì bá ti já ní etíkun Cuba láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọn kò ní ọjà tí wọ́n lè lọ, wo ohun tí ilẹ̀ tuntun gbé fún wọn, wọ́n fi lọ òrìṣà, òrìṣà sì gbà. Àwa tí a ní òmìnira kò lè sọ pé ọwọ́ wa dí ju tiwọn lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa gbé lọ síwájú obì àti ẹẹ́rìndínlógún ni bóyá Ṣàngó yóò gba nǹkan mìíràn ní àkókò yìí. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀ pé ahun ni òun ń fẹ́, kí a wá èyí tí a bí ní oko ọ̀sìn, tí ẹni tí ó tà á lè fi ìwé hàn. Ahun odò elétí pupa, Trachemys scripta elegans, tí wọ́n ń sìn ní Louisiana níye púpọ̀, kò sí nínú ewu. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Yúróòpù ti fi ìlẹ̀kùn mọ́ ọn láti ọdún 1997. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a sílẹ̀ sínú odò àdúgbò yín ní orúkọ àánú.

Àwọn ilé kan wà, ní Cuba, ní Brazil àti níbí, tí wọn kì í pa ahun Ṣàngó. Wọ́n ń sìn ín láàyè nítòsí ojúbọ. Àwa náà ní ọ̀kan, abo, tí ẹni tí ó ń sìn ín tẹ́lẹ̀ kó wá fún wa nígbà tí ó fẹ́ ṣí kúrò nílùú. Irú rẹ̀ lè gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, nítorí náà a ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi sínú ìwé ilé. Ní gbogbo ọjọ́ Jàkúta, àwọn ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pààrọ̀ omi inú ọpọ́n rẹ̀.